Àyẹ̀wò NTFS-3G àti ntfs3: Dísìkì Kan, Dráífà Méjì, àti Owó Ibodè Tí Ó Wà Láàárín Wọn

Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń lo dísìkì àgbékiri kan ṣoṣo lórí Linux pẹ̀lú dráífà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn ètò tí ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè ka dísìkì kí ó sì kọ nǹkan sí i, tí mo ń fi èyí rọ́pò ìyẹn kí n lè mọ èyí tí ó yẹ kí n dúró tì. Èkíní ni NTFS-3G, tí ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ààyè olùlò, níbi tí àwọn ètò ojoojúmọ́ wa gbogbo ń gbé. Èkejì ni ntfs3, tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú kernel gan-an, ìyẹn àárín gbùngbùn Linux tí ó ń darí ẹ̀rọ fún gbogbo ètò yòókù. Dísìkì náà kò yí padà, fáìlì inú rẹ̀ kò yí padà, kọ̀ǹpútà kò sì yí padà. Lóòótọ́, ọwọ́ tí ó kọ dráífà kìíní yàtọ̀ sí ọwọ́ tí ó kọ èkejì, n kò sì gbàgbé ìyẹn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó tóbi jù láàárín wọn ni ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró sí ní ẹnubodè tó wà láàárín kernel àti ààyè olùlò. Ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé kernel yára, ààyè olùlò lọ́ra, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá gbà á bẹ́ẹ̀ lè yan dráífà tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

NTFS ni ìlànà ìtọ́jú fáìlì tí Microsoft gbé jáde pẹ̀lú Windows NT 3.1 ní ọdún 1993, òun náà ni ọ̀pọ̀ dísìkì tí ó ti kọjá lọ́wọ́ Windows ṣì ń lò títí di òní. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, dráífà àtijọ́ tí ó wà nínú kernel Linux lè ka NTFS dáadáa, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ láti kọ nǹkan sí i kéré gan-an. Nígbà tí FUSE wọ inú Linux 2.6.14 ní ọdún 2005, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kọ dráífà fáìlì gẹ́gẹ́ bí ètò lásán, láìfọwọ́ kan kernel, NTFS-3G sì gba ọ̀nà náà dé ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ tí ó ṣe é gbára lé ní ọdún 2007. Ilé-iṣẹ́ Paragon Software ni ó mú ntfs3 wá fún àwọn alábòójútó kernel ní ọdún 2020, wọ́n sì gbà á wọlé sínú Linux 5.15 ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Dráífà àtijọ́ yẹn ti kúrò nínú kernel láti Linux 6.9, ní ọdún 2024.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, ó yẹ kí n sọ ohun tí ẹnubodè náà jẹ́, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ìdájọ́ mi dúró lé. CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, irú x86 ní ìpele ọlá àṣẹ mẹ́rin, ṣùgbọ́n méjì péré ni Linux àti Windows ń lò: ìpele 0 fún kernel àti ìpele 3 fún àwọn ètò olùlò. Ètò tí ó wà ní ìpele 3 kò lè fọwọ́ kan dísìkì, kò lè fọwọ́ kan mẹ́mọ́rì ètò mìíràn, kò sì lè bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà. Ó ní láti ké sí kernel, kí kernel bá a ṣe é. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí ni pé CPU fúnra rẹ̀ kì í yára sí i nígbà tí ó bá wà nínú kernel. Bí o bá ro nọ́ńbà méjì pọ̀ ní ìpele 0, tí o sì tún ro wọ́n pọ̀ ní ìpele 3, àkókò kan náà ni yóò gbà. Ìnáwó náà wà ní ẹnubodè: CPU gbọ́dọ̀ pa ipò tí ètò náà wà mọ́, kí ó bọ́ sí ìpele 0, kí kernel yẹ ohun tí wọ́n béèrè wò, kí ó ṣe é, kí ó sì padà. Ìpè kékeré kan lè gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún nanosecond tàbí ọgọ́rùn-ún mélòó kan, èyí tí kò tó nǹkan. Bí ó bá wá di pé kernel ní láti gbé ètò kan jókòó, kí ó jí ètò mìíràn dìde kí iṣẹ́ tó lè tẹ̀síwájú, microsecond ni a óò máa kà.

Níbí ni dráífà méjèèjì ti yà. Bí mo bá lo ntfs3, tí ètò kan sì fẹ́ kọ nǹkan sínú fáìlì, ètò náà yóò ké sí kernel lẹ́ẹ̀kan, kernel yóò gba dátà náà sínú ibi ìpamọ́ rẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì, yóò dá ètò náà lóhùn pé ó ti gbọ́, yóò sì wá àyè tirẹ̀ láti gbé dátà náà dé orí dísìkì nígbà tí ó bá yá. Ìlọ kan, àbọ̀ kan. Bí ó bá jẹ́ NTFS-3G, ètò náà yóò ké sí kernel, kernel yóò rí i pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tirẹ̀, yóò kó ìbéèrè náà sórí ìlà FUSE, yóò sì jí ètò NTFS-3G dìde. NTFS-3G yóò ka ìbéèrè náà láti /dev/fuse, ojú ọ̀nà tí FUSE àti ètò rẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, yóò ṣírò ibi tí ó yẹ kí dátà náà lọ lórí dísìkì, ṣùgbọ́n nítorí pé òun náà ń gbé ní ìpele 3, kò lè fọwọ́ kan dísìkì; ó tún gbọ́dọ̀ ké sí kernel kí kernel bá a kọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò kọ èsì padà sí /dev/fuse, kernel yóò sì jí ètò àkọ́kọ́ tí ó ti ń dúró láti ìgbà náà. Alágbàtà ni NTFS-3G: kò sí ohun tí ó burú nínú ọwọ́ rẹ̀, kò sì lọ́ra nídìí ìṣirò, àmọ́ ẹrù tí ó yẹ kí ó gba ẹnubodè kọjá lẹ́ẹ̀kan lọ lẹ́ẹ̀kan bọ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá léraléra, wọ́n sì ń gba owó ibodè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ìdánwò àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni èyí tí ó fi ìyàtọ̀ náà hàn jù. Mo mú àpò kóòdù orísun kernel Linux, èyí tí fáìlì inú rẹ̀ lé ní 70,000, tí púpọ̀ nínú wọn kéré gan-an, mo sì fi àṣẹ tar tú u sórí dísìkì náà. Pẹ̀lú ntfs3, orúkọ fáìlì ń sáré kọjá lójú mi débi pé n kò lè ka ọ̀kan nínú wọn. Pẹ̀lú NTFS-3G, mo lè tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ń kọjá, ṣùgbọ́n mo ń rí ibi tí fódà kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀. N kò nílò aago láti mọ̀ pé nǹkan yàtọ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí bí a bá wo ohun tí fáìlì kékeré kan ń béèrè: a ó kọ́kọ́ wádìí bóyá orúkọ náà ti wà, a ó dá fáìlì náà sílẹ̀, a ó kọ ohun inú rẹ̀, a ó ṣètò ọjọ́ àti àṣẹ rẹ̀, a ó tì í. Ní FUSE, ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn nǹkan wọ̀nyí ni iṣẹ́ tí a ó rán lọ sọ́dọ̀ NTFS-3G, tí a ó sì dúró gba èsì rẹ̀. Fáìlì tí ohun inú rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́wàá lọ ń san owó ibodè tí ó pọ̀ ju ẹrù tí ó gbé lọ.

Mo fẹ́ dá ojú kan mọ́ bí mo ṣe ṣe ìdiwọ̀n náà, nítorí mo ṣe àṣìṣe níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíràn lè ṣe é. Àṣẹ time ni mo kọ́kọ́ lò, èyí tí ó máa ń fúnni ní nọ́ńbà mẹ́ta: real, èyí tí í ṣe àkókò tí ó kọjá lójú aago, user, èyí tí í ṣe àkókò tí ètò náà fi ṣiṣẹ́ ní ààyè olùlò, àti sys, èyí tí í ṣe àkókò tí kernel fi ṣiṣẹ́ nítorí ètò náà. Nígbà tí mo fi ntfs3 ṣe é, iṣẹ́ dráífà náà wọ inú sys ti tar, nítorí pé orúkọ tar ni kernel ń jẹ́ nígbà tí ó ń bá a ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo fi NTFS-3G ṣe é, user àti sys ti tar kò fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ hàn, síbẹ̀ real gùn rẹpẹtẹ. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Mo ṣí top, ètò tí ń fi bí ètò kọ̀ọ̀kan ṣe ń lo CPU hàn, sí ẹ̀gbẹ́ kejì ojú kọ̀ǹpútà, mo sì rí i níbẹ̀: ètò kan tí ń jẹ́ mount.ntfs ti gun orí gbogbo àwọn yòókù, ó ń jẹ CPU, nígbà tí tar jókòó tí ó ń retí èsì. Iṣẹ́ náà kò parẹ́, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n kọ ọ́ sí. Láti ìgbà náà, kì í ṣe real nìkan ni mo ń wò, mo tún ń fi àṣẹ sync parí ìdánwò kọ̀ọ̀kan nínú àkókò tí mo ń kà, kí dátà tí ó ṣì wà nínú mẹ́mọ́rì má baà jọ èyí tí ó ti dé orí dísìkì.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ìdájọ́ á rọrùn, á sì jẹ́ ìdájọ́ tí kò péye. Mo mú fáìlì fídíò ńlá kan, mo sì dà á kọ pẹ̀lú dráífà méjèèjì. Lọ́nà tí mo ti máa ń gbé dísìkì náà tẹ́lẹ̀, NTFS-3G tún rẹ̀yìn. Mo padà lọ ka ìwé ìlò rẹ̀, mo sì rí ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń fojú fò láti ọdún pípẹ́: big_writes. Bí a kò bá fi àṣàyàn yìí kún un nígbà tí a ń so dísìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, FUSE yóò máa gé ohun tí a fẹ́ kọ sí wẹ́wẹ́, 4 KiB lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fi kún un, ó lè gbé tó 128 KiB lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: fáìlì 1 GiB tí a gé sí 4 KiB yóò gba ẹnubodè kọjá nígbà 262,144, bí a bá gé e sí 128 KiB, ó di 8,192. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan kóòdù dráífà náà, kò sí ẹni tí ó gbé e wọ inú kernel, síbẹ̀ ìrìn tí ó ń rìn dín kù ní ìlọ́po 32. Nígbà tí mo tún fídíò náà dà kọ pẹ̀lú big_writes, NTFS-3G súnmọ́ ntfs3 débi pé, lórí dísìkì onírin tí ń yí, n kò lè fi ojú lásán yà wọ́n. Ọjọ́ yẹn ni ó dá mi lójú pé iye ìgbà tí a ń kọjá ni ó ń náni lówó, kì í ṣe ààyè tí a ń gbé.

Irú dísìkì náà tún ní ipa tí ó pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Dísìkì onírin ní láti gbé orí ìkàwé rẹ̀ láti ibì kan dé ibì kejì, ìyẹn sì ń gba millisecond mélòó kan, nígbà mìíràn ó máa ń tó mẹ́wàá. Ẹgbẹ̀rún microsecond ni ó wà nínú millisecond kan. Nítorí náà, bí FUSE bá fi microsecond mélòó kan kún ohun tí dísìkì fúnra rẹ̀ fi millisecond mẹ́jọ ṣe, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n SSD irú NVMe, dísìkì ayára tí kò ní irin tí ń yí, lè dáhùn ìbéèrè láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún microsecond tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni owó ibodè tí a ti ń fojú kékeré wò láti ìgbà àwọn dísìkì àtijọ́ ti di apá ńlá nínú ìnáwó. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí lórí kọ̀ǹpútà kékeré tí CPU rẹ̀ kò lágbára: nígbà tí mo so dísìkì kan náà mọ́ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, NTFS-3G gba gbogbo agbára ojú kan (core) nínú CPU rẹ̀, nígbà tí dísìkì ṣì ní agbára lọ́wọ́ tí kò rí iṣẹ́ fi ṣe. Mo tún ní láti fi kún un pé ojú kan náà ni NTFS-3G lè lò, bí ojú CPU náà tilẹ̀ pọ̀ tó, nítorí pé ìbéèrè kan ni ó ń dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Bí ètò mẹ́ta bá fẹ́ lo dísìkì náà papọ̀, ìlà ni wọ́n óò tò. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ààyè olùlò rárá, ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ ni, ó sì yẹ kí a yà á sọ́tọ̀ kí a má baà di gbogbo ẹ̀bi lé FUSE lórí.

Ti kíkà tún yàtọ̀. Fáìlì tí mo ti kà lẹ́ẹ̀kan, tí ohun inú rẹ̀ ṣì wà nínú mẹ́mọ́rì, ń yára bákan náà pẹ̀lú dráífà méjèèjì, nítorí pé kernel ni ó ń dáhùn fúnra rẹ̀ nígbà náà láìjí alágbàtà kankan.

Àwọn tí ó ń ṣe ìwádìí ti rí ohun tí ó jọ èyí. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ láti Stony Brook University àti IBM gbé kalẹ̀ ní àpérò FAST ní ọdún 2017 rí i pé ìfàsẹ́yìn tí FUSE ń fà lè má hàn rárá nínú àwọn iṣẹ́ kan, ó sì lè tó ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún nínú àwọn mìíràn. Ẹni tí ó bá ka nọ́ńbà ẹ̀yìn yẹn nìkan yóò bẹ̀rù. Ẹni tí ó bá ka ti àkọ́kọ́ nìkan yóò sọ pé kò sí nǹkan kan. Méjèèjì jẹ́ òtítọ́, irú iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ ni ó ń pinnu èyí tí yóò kan ọ́.

Ohun kan tún wà tí ó mú kí owó ibodè náà wọ́n sí i. Ní oṣù kìíní ọdún 2018 ni wọ́n tú àṣírí Meltdown, àléébù kan nínú ọ̀pọ̀ CPU tí ó lè jẹ́ kí ètò ìpele 3 yọjú wo mẹ́mọ́rì kernel. Ọ̀nà tí Linux gbà dí i ni láti ya àtẹ mẹ́mọ́rì kernel kúrò lára ti àwọn ètò olùlò, tí ó túmọ̀ sí pé a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ àtẹ náà nígbà gbogbo tí a bá ń kọjá. Lórí kọ̀ǹpútà mi àtijọ́, tí CPU rẹ̀ wà lára àwọn tí àléébù náà kàn, ìyàtọ̀ láàárín NTFS-3G àti ntfs3 gbòòrò ju bí ó ti rí lórí èyí tí ó jẹ́ tuntun. Ẹ lè wo fáìlì /sys/devices/system/cpu/vulnerabilities/meltdown lórí kọ̀ǹpútà tiyín. Bí ẹ bá rí PTI, orúkọ ìyàsọ́tọ̀ àtẹ náà, níbẹ̀, ẹ̀yin náà ń san àfikún náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ààyè olùlò ni ó lọ́ra, kí ó wo DPDK, àkójọ kóòdù tí àwọn oníṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ń lò láti gbé ìdì dátà lọ bọ̀ ní ìyára tí ọ̀nà àtètèkọ́ṣe inú kernel kì í sábà bá. Ààyè olùlò ni gbogbo rẹ̀ wà: wọ́n gbé káàdì nẹ́tíwọ̀kì fún ètò náà tààrà, kò sì sí ìdí láti máa ké sí kernel fún ìdì kọ̀ọ̀kan. Io_uring tí ó wọ inú Linux 5.1 ní ọdún 2019 gba ọ̀nà mìíràn lọ síbi kan náà: ètò àti kernel jọ ń lo ìlà méjì nínú mẹ́mọ́rì, wọ́n sì lè kó ọ̀pọ̀ ìbéèrè kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti Linux 6.14, ti ọdún 2025, FUSE pàápàá lè gba orí io_uring bá àwọn ètò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Inú mi dùn sí èyí gan-an, ṣùgbọ́n olùlò NTFS-3G kò gbọdọ̀ retí ìyípadà lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ẹ̀dà kékeré FUSE tirẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń lò gẹ́gẹ́ bí àtètèkọ́ṣe.

Ìyára kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀, mo sì kọ́ èyí lọ́nà tí ó dùn mí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ìdánwò yìí, ẹsẹ̀ mi kọ́ wáyà USB nígbà tí mo ń kó fáìlì sórí dísìkì náà pẹ̀lú ntfs3, wáyà náà sì já kúrò. Nígbà tí mo dá a padà, dísìkì náà kọ̀ láti ṣí. Mo wo dmesg, àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ kernel, mo sì bá a tí wọ́n kọ ọ́ níbẹ̀ pé dísìkì náà ní àmì dirty, àti pé n kò fi force, àṣàyàn tí ń fipá ṣí i, kún àṣẹ mi. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn: nígbà tí ntfs3 bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan, ó máa ń fi àmì sí dísìkì, ó sì máa ń pa àmì náà rẹ́ nígbà tí a bá tú dísìkì náà sílẹ̀ bí ó ti yẹ. Bí ó bá bá àmì náà níbẹ̀ nígbà mìíràn, kò ní wọlé. Mo gbà pé ó tọ̀nà, ó sàn kí ó kọ̀ ju kí ó máa kọ nǹkan lé orí ohun tí ó lè ti bàjẹ́, mo sì rọ ẹnikẹ́ni pé kí ó má ṣe sáré lo force. Ibi tí ó tọ́ jù láti tún irú dísìkì bẹ́ẹ̀ ṣe ni chkdsk lórí Windows. Ní ọjọ́ yẹn, n kò ní Windows nítòsí, nítorí náà mo lo ntfsfix pẹ̀lú àṣàyàn d, èyí tí ó tún àwọn àṣìṣe kéékèèké ṣe tí ó sì pa àmì náà rẹ́. Inú àpò NTFS-3G ni ntfsfix ti wá. Nítorí náà, bí ntfs3 tilẹ̀ ni mo ń fi ṣiṣẹ́, n kò yọ NTFS-3G kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi, n kò sì ní yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà wà níbẹ̀. Bí ètò ààyè olùlò bá kú lójijì, òun nìkan ni ó kú. Fódà dísìkì náà yóò máa fúnni ní àṣìṣe, a ó tú u, a ó tún un so, kọ̀ǹpútà yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Dráífà tí ó bá ṣìnà nínú kernel lè dá gbogbo kọ̀ǹpútà dúró. Kò sí ẹni tí ó nílò àpẹẹrẹ fún èyí mọ́ lẹ́yìn oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí àbùkù kan nínú ètò ààbò tí ń ṣiṣẹ́ ní ààyè kernel dá ẹ̀rọ Windows dúró káàkiri àgbáyé, tí Microsoft fojú díwọ̀n iye wọn sí mílíọ̀nù 8.5. Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ààyè olùlò jẹ́ odi tí kò ṣe é wó. NTFS-3G sábà máa ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àṣẹ root, ìyẹn àṣẹ tí ó ga jù lọ lórí kọ̀ǹpútà, ìtẹ̀jáde rẹ̀ ti oṣù kẹjọ ọdún 2021 sì dí ihò ààbò 21 lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ó lè ṣí sílẹ̀ bí a bá so dísìkì tí ẹlẹ́tàn ti ṣe àtúnṣe sí mọ́ kọ̀ǹpútà. Àǹfààní tí ó ní níbẹ̀ ni pé a lè fi ẹ̀dà tuntun rọ́pò ti àtijọ́ láìtún kọ̀ǹpútà tàn, nígbà tí àtúnṣe ntfs3 ń bá kernel tuntun wá. NTFS-3G tún ń ṣiṣẹ́ lórí FreeBSD, macOS àti àwọn mìíràn, nígbà tí ntfs3 kò lè kúrò nínú Linux.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èyí tí ó ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ó tẹ àṣẹ mount, kí ó sì wá ìlà dísìkì rẹ̀: bí ó bá rí fuseblk, NTFS-3G ni, bí ó bá rí ntfs3, kernel ni. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fáìlì kéékèèké ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìyẹn kóòdù orísun, àwòrán púpọ̀, tàbí ẹ̀dà ìpamọ́ tí ń yẹ fódà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá lórí SSD tàbí lórí kọ̀ǹpútà tí CPU rẹ̀ kò lágbára, kí ó gba ntfs3, yóò sì mọ ìyàtọ̀ náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó kàn ń kó fídíò àti àpò ńláńlá sórí dísìkì onírin, tí ó sì ń tú wáyà nígbà gbogbo, kò pàdánù ohun tí ó pọ̀ bí ó bá dúró ti NTFS-3G, bí ó bá ṣáà ti lè fi big_writes kún un. Èmi fi ntfs3 àti noatime, tí kì í jẹ́ kí a máa kọ àkókò tí a ka fáìlì sílẹ̀, sínú /etc/fstab, fáìlì tí ń sọ bí a ó ṣe so dísìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, fún SSD mi. Dísìkì onírin tí ó ń ru fídíò ṣì wà lórí NTFS-3G, mo sì ti so wáyà rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì.